Àkekèé Inú Pàlàpálá Àpáta

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ pé kò sí àkekèé ní Johannesburg. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọjọ́ tó ti Èkìtì dé sí ilé wa ní Troyeville, nínú òtútù oṣù kẹfà tó ń gé ènìyàn létí, ó fi ṣálì méjì wé ara, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a tọ́jú sílẹ̀ fún un. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní, "Nínú òtútù yìí? Àkekèé kan ò lè gbé ibí." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà rárá. Ara ló tù ú.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìyá mi ti bí ọmọkùnrin kan kí ó tó bí mi, n kò sì bá ọmọ náà láyé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: nǹkan ta á lóko, wọ́n ní bóyá àkekèé ni, kò sì rí ọjọ́ kejì. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í sọ ọ́ nílé wa, a kì í sì í dárúkọ irú wọn. Títí mo fi lọ́kọ, tí mo fi bímọ, n kò mọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni bàtà gbígbọn. Láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, ìyá mi á gba bàtà lọ́wọ́ mi, á gbá a mọ́lẹ̀, á wo inú rẹ̀, á tún gbá èkejì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan yúnífọ́ọ̀mù, lẹ́yìn yẹn báàgì ìwé. Bí a bá fẹ́ sùn, ẹní ni, aṣọ ìbora ni, ìrọ̀rí ni, kò sí èyí tí kì í gbọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Mo mọ òwe yẹn, àmọ́ ọmọdé tí wọ́n ń nà nílé ìwé nítorí pé ó pẹ́ dé kò ní sùúrù fún òwe. Inú máa ń bí mi gan-an. Ó ṣì ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí.

Ní Johannesburg, ìyá mi ò gbọn nǹkan kan. Á jí, á na apá, á ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì láìwo inú rẹ̀. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, inú mi ń dùn. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù, nítorí ibi ìwakùsà ní Rustenburg ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í wálé lójoojúmọ́. Mo ní àlàáfíà ti bá ìyá mi. Ó ní kí n má tètè yọ̀.

Ohun tó kù tó ń dun ìyá mi ni pé kò rí ẹni kí. Obìnrin tó jẹ́ pé nílé, kó tó ti ẹnu ọ̀nà dé etí títì, ó ti kí ìdajì àdúgbò, ó wá bá ara rẹ̀ níbi tí ògiri ga ju orí lọ, tí ajá ń gbó lẹ́yìn gbogbo géètì. Ó ń kí àwọn ará Mozambique tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìkòríta wa ní Yorùbá, "Ẹ kúuṣẹ́ o!" Àwọn náà á nawọ́ sókè, wọ́n á ní, "Shap, Gogo!", ìyẹn ni pé, ó dáa, Ìyá àgbà. Èyí tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ìgbà wo ni òun ń padà sílé.

Ìjọ Yorùbá kan tó ń ṣèsìn nínú gbọ̀ngàn kan ní Berea ló gbà mí. Ìyá mi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bá àwọn ará Ìjẹ̀ṣà, ó bá ará Èkìtì bíi tirẹ̀, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Gbogbo Sátidé ni ìjọ náà máa ń gun òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn Yeoville lọ gbàdúrà. Bí ẹ bá ti gbé ìlú yìí, ẹ ó ti rí òkè náà: koríko gbígbẹ, àpáta tó fọ́ sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó gorí ara wọn, aláṣọ funfun níbí, aláṣọ àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, ìjọ kọ̀ọ̀kan lórí àpáta tirẹ̀, tí olúkúlùkù ń ké sí Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀. Ilé gogoro roboto tó wà ní Berea á sì máa wò wọ́n láti òkèèrè.

Èmi kì í ṣe ẹni orí òkè. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo sì gbà pé etí Ọlọ́run tó yàrá mi gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wakọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, mo máa ń jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi á wà lórí itan mi, mo ń máàkì, mo ń kanra.

Ohun tó kọ́kọ́ ń bí mi nínú ni pé wọ́n ń bọ́ bàtà. Ilẹ̀ mímọ́ ni, wọ́n ní, kò sì sí ẹni tó ń wọ bàtà gun àpáta yẹn, àtàgbà àtọmọdé. Ìyá mi pàápàá, ẹni tó gbọn bàtà mi títí mo fi wọ yunifásítì, ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta bí ọmọdébìnrin. Ó sì ń bọ́ bàtà ọmọ mi náà. Mo ní ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, mo ní ìṣó tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tí ẹ̀mí kan ń dà láàmú.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà ńlẹ̀. Ike bọ́tà ẹ̀pà kan wà nílé wa, irú èyí tó tóbi tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ọmọ mi ti lá tán. Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó bu omi kún inú rẹ̀, ó dé e pa, ó sì tì í bọ inú pàlàpálá àpáta kan pé kí omi náà jókòó sórí ilẹ̀ àdúrà títí Sátidé mìíràn. Bí a bá padà débẹ̀, yóò yọ ọ́ jáde, a ó mu nínú rẹ̀, a ó fi ìyókù bọ́jú, yóò sì bu tuntun sí i. Ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é lórí òkè tiwọn nílé nìyẹn.

Mo ní, "Màámi, omi tó ti wà níta láti ọjọ́ yìí, kòkòrò ló máa wà nínú rẹ̀."

Ó wò mí tán, ó ní, "Ìwọ nìyẹn."

Ọmọ mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, ló máa ń bá a yọ ike náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Gbogbo ohun tí ìyá mi bá wí ní Yorùbá ló ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé ju bí mo ṣe gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, òtútù ti kásẹ̀ ńlẹ̀, òjò ò sì tíì rọ̀. Iná ti jó koríko òkè náà, ilẹ̀ dúdú, àpáta nìkan ló kù tó ń dán nínú oòrùn. Àdúrà ti parí, àwọn ènìyàn ti ń ká ẹní wọn. Ìyá mi fi ọwọ́ gbá ọmọ mi léjìká, ó ní, "Ọkọ mi, bá mi mú omi wá."

"Okay, Grandma."

Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú pàlàpálá náà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń wò ó láti ibi tí mo jókòó sí, mo tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé aṣọ tó wọ̀ yẹn, èmi ni n ó fọ̀ ọ́. Àfi igbe.

"Mummy! Something bit me! It's in there!"

Ó ti fa ọwọ́ yọ, ó dì í mú, ó ń fò sókè sódò. Mo da ìwé ìdánwò gbogbo sílẹ̀, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú pàlàpálá náà, mo sì rí i lẹ́yìn ike. Ó dúdú, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n ti fi irin ìlọṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹ̀mú. Mo wá pariwo ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pariwo létí ìyá mi.

"Àkekèé ni!"

Mo gbójú sókè, mo rí ojú rẹ̀. Kò ké, kò pe Jésù, kò káwọ́ lérí. Ó kàn dúró sójú kan, ẹsẹ̀ lásán lórí àpáta, ojú rẹ̀ ti lọ síbi tí n kò lè tẹ̀ lé e dé.

Àwọn tó kù ló ké. Ìyá àdúrà, ẹni tó ń darí wọn, obìnrin onínúure kan tí ohùn rẹ̀ lè fọ́ gíláàsì, sáré dé pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà rẹ̀. "Ẹ ṣí i lẹ́nu! Ẹ ṣí i lẹ́nu! Oró, máa bọ̀ níta!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti da òróró sí ọmọ mi lẹ́nu, wọ́n ti fi pa á lórí, wọ́n ti fi pa ìka náà. Ọmọ ń gbé e mì, ó ń sunkún. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e lé èjìká.

"Màámi, ó yá, ọkọ̀ yá!"

Ìyá mi kò tẹ̀ lé mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí i tó kúnlẹ̀ sí ẹnu pàlàpálá náà. Ó ti yọ ike jáde. Ó ṣí i, ó sì da omi ọ̀sẹ̀ kan nù sórí òkúta, omi tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ kán sílẹ̀. Ó tú ṣálì orí rẹ̀, ó ń ki etí ṣálì náà bọ inú ihò náà díẹ̀díẹ̀.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bọ̀."

"Ọmọ ń kú lọ, kòkòrò lẹ ń wá!"

Mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe. Nílé, bí àkekèé bá ta ènìyàn, wọ́n á wá a kàn, wọ́n á pa á, wọ́n á sì fi inú rẹ̀ pa ojú ibi tó ta. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ṣe é fún aládùúgbò wa kan nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rántí òórùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò ní fi ìdọ̀tí yẹn pa ọmọ mi lára o! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Bó bá wù yín, ẹ dúró tì í níbẹ̀!" Gbogbo ìjọ ló gbọ́ bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ojú ò tì mí.

Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran."

Orí kunkun àkekèé náà ló kó bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ṣálì náà mú, ó kọ̀, kò jù ú sílẹ̀, ìyá mi sì ń fà á bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi yọ síta. Àwọn ará ìjọ sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní àkekèé kò ṣe é dì níbò. Ìyá mi rọra rọ òun àti ṣálì sínú ike, ó dé e mọ́ ọn lórí, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi láìwọ bàtà.

Gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tí a bá lọ́nà ló pọ́n. Bí ó bá ti ń yípadà sí àwọ̀ ewé ni taxi kan á ya sí iwájú mi. Mo ń fọn fèrè, mo ń bú wọn ní Yorùbá, mo sì ń bá ìyá mi jà láàárín èébú kan sí èkejì. "Mo sọ fún yín nípa bàtà! Mo sọ fún yín nípa omi! Ẹ ní ìwọ nìyẹn, ìwọ nìyẹn. Ẹ wò ó báyìí!" Nínú dígí, mo ń rí i lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, ó fi èkejì di ike mú láàárín orúnkún.

Ọmọ mi ní, "Mummy, my tummy." Lẹ́yìn náà ló bì.

Mo ti gbọ́ níbì kan pé bí oró bá ti wọ ara ọmọdé, bíbì ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tún bì lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fi ohùn kékeré kan béèrè pé, "Grandma, am I going to die?"

Gẹ̀ẹ́sì ìyá mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Rárá o. Ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́, lágbára Ọlọ́run." Ó ń wí i léraléra títí a fi dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn.

Wọn kò jẹ́ kí a jókòó rárá, wọ́n mú wa wọlé. Dókítà tó jáde sí wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó di irun rẹ̀ kó sẹ́yìn. Ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì bi wá pé ṣé ẹnikẹ́ni rí ohun tó ṣe é lọ́ṣẹ́. Mo ní àkekèé ni, mo ní ó dúdú, mo ní ó tóbi, mo ní ẹ̀yìn ike omi tí a tì bọ inú pàlàpálá àpáta láti ọ̀sẹ̀ kan ló wà. Ó ní, "Irú èwo? Báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe rí?" N kò mọ̀. Ta ló ń wo ìrù?

Ìyá mi fọwọ́ kàn mí. "Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni rí ohun tó ta á."

Ìyá mi dìde. Ó gbé ike náà ka orí tábìlì, ó ṣí i, ó fi ìka méjì fa ṣálì kúrò. "Òun nìyí," ló wí. "Mo mú un wá."

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. "Eish! Hhayi, Gogo!" Ṣùgbọ́n dókítà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ike, ó wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí.

Ó ní kí n wá wò ó. Ó ní inú pàlàpálá àpáta ni irú èyí ń gbé, kò sí ibòmíràn tó mọ̀, òun ló ṣe pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ kó lè wọ ibi tóóró. Nínú ibi tóóró, kò sí àyè láti gbé ìrù sókè jà. Nítorí náà ọwọ́ ló fi ń jà. Ó fi bírò tọ́ka sí ìrù náà, ìrù tín-ín-rín tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ. "Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni èyí tí ìrù rẹ̀ sanra tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Èyí, ọwọ́ rẹ̀ ló tóbi. Oró rẹ̀ kò tó nǹkan." Ó gbé ìka ọmọ mi sókè. Ojú ọgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Ó ní, "Kò tilẹ̀ ta á. Ó fi ẹ̀mú mú un lọ́wọ́ ni. Ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú láti ọjọ́ yìí, ó sì bínú."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó ń bì!"

"Kí ló jẹ?"

Ọmọ mi, tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, fi ọwọ́ nu ẹnu. "They made me drink oil."

"Òróró wo?"

Èmi, olùkọ́, ẹni tó ní dìgírì méjì, ni mo dúró níwájú dókítà tí mo ń túmọ̀ òróró àdúrà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó béèrè pé báwo ló ṣe pọ̀ tó. Mo ní ó tó ìlàjì ìgò. Nọ́ọ̀sì kúrò lára ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà ní òróró ló ń dà á láàmú, kò sí nǹkan mìíràn, bó bá ti bì í tán, ó tán.

N kò lè ṣàlàyé bí ara ṣe tù mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, mo ń wí pé, "Ọlọ́run o, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ọmọ mi ń wò mí, ojú ń tì í nítorí mi. Wọ́n fọ ìka rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, wọ́n fi páláásítà dì í. Ó ní ebi ń pa òun. Ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Mo mú ọwọ́ ìyá mi. "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ní, "Dúró. Bá mi bi dókítà ní nǹkan kan."

Ó ṣì dúró síbi tí ó wà látìgbà tó ti gbé ike kalẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní gbangba, irun funfun rẹ̀ ti tú, nítorí pé àkekèé ló wà pẹ̀lú ṣálì rẹ̀. Ó wo dókítà, kò wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Èkìtì ló sì fi ń sọ ọ́, Èkìtì tó jinlẹ̀ tí kì í sọ níwájú àlejò, àfi bí ó bá gbàgbé ara rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí.

"Sọ fún un pé mo bí ọmọ kan rí. Ọdún mẹ́rin ni. Ó ń ṣeré lábẹ́ òkúta lóko, nǹkan ta á. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré, n kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn, ó bi mí pé kí ló ta á. Ó ní ṣé ejò ni, ṣé àkekèé ni, ó ní ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà. N kò mọ̀. N kò wò ó. N kò rí nǹkan kan sọ. Bi í pé, ká ní mo dúró, ká ní mo wò ó, kí n sì mú un dání, ṣé ọmọ yẹn ì bá yè?"

Ìgbà yẹn ni ohun tí mo rí lórí òkè tó yé mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi àkekèé pa ọmọ mi lára. Ó fẹ́ rí ìdáhùn fún ẹni tó bá bi í ni.

Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ojú rẹ̀ sì wá bá ojú ìyá mi dọ́gba nítorí pé ìyá mi kò ga. Ó béèrè bóyá ilé ìwòsàn wà nítòsí nígbà náà. Ìyá mi ní kò sí. Ó béèrè bóyá ẹni tí ìyá mi gbé ọmọ náà lọ bá ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró. Ìyá mi ní ewé ló ní.

Dókítà ní, "Èmi kò mọ àkekèé ilẹ̀ yín, n kò sì ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó lè tètè pa ọmọ ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ilé ìwòsàn nìkan ló lè dá a dúró. Bí wọn kò bá sí, mímọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ká ní ẹ dúró wò ó, ẹ ì bá kàn rí i ni. Sọ fún un pé sísáré tó sáré yẹn ló tọ́."

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀, nítorí mo rí bó ṣe ń wo ẹnu mi, bóyá mo fẹ́ fi oyin pa á fún un.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Ó mí kanlẹ̀, èémí tó gùn, tó jẹ́ pé mo rò pé kò ní tán. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Ọmọ mi fi ọwọ́ tó ní páláásítà nu ojú rẹ̀ fún un, ó ní, "Don't cry, Grandma, it didn't even sting me." Ìyá mi sì ń mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Kí a tó jáde, dókítà ní kí a má pa àkekèé náà o, kí a dá a padà síbi tí a ti mú un, nítorí pé wọ́n máa ń pẹ́ láyé, wọn kì í sì í fẹ́ fi ilé wọn sílẹ̀. Ó ní abo wọn lè lóyún ju ọdún kan lọ kí ó tó bí. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá mi ki orí wo inú ike. "Ju ọdún kan lọ?" ló wí. "Ìwọ náà kú ìyà." Inú ọkọ̀ ló ti tún rántí rẹ̀, ó tún pòṣé nítorí rẹ̀.

Ọ̀sán ni a padà gun òkè náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo ti pe ọkọ mi, ó ti kígbe, ó ti dúpẹ́, ó ti bi mí pé ta ló ní kí wọ́n fún ọmọ lóróró. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí òkè mọ́, àfi aláṣọ funfun kan lókèèrè. Àwọn ará ìjọ ti ṣa ìwé ìdánwò mi jọ, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, wọ́n sì to bàtà ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kábàámọ̀ díẹ̀ nínú àwọn ohun tí mo ti rò nípa wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi dojú ike kọ ẹnu pàlàpálá náà. Àkekèé yọ jáde, ó dúró díẹ̀ nínú oòrùn, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọ inú ààyè kan tí n kò rò pé ìwé ìdánwò mi lè gbà kọjá. A kò rí i mọ́. Ìyá mi kò ti ike náà padà bọ inú rẹ̀. Ó dé e, ó gbé e fún mi.

Lẹ́yìn náà ló dúró, ó kọjú sí àpáta, ó sì pe orúkọ ọkùnrin kan, ketekete, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ wọlé wá jẹun. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Màámi, ta lẹ ń pè?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn."

Mo ti lé lógójì ọdún. Mo pe orúkọ náà fúnra mi, jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu mi. Ọmọ mi fa aṣọ mi, ó ní ta nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, pé òun ni ì bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ì bá máa wá kí i. Ó ronú sí i, ó sì dán an wò. Ó wọ́ gbogbo ohùn orúkọ náà sílẹ̀ bí ọmọ Johannesburg ṣe máa ń ṣe.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ní páláásítà yẹn, ó pe orúkọ náà fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi pè é. Ó ti dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Tún un pè," ni ìyá mi wí.